Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọ̀daràn Sùn ní Àkúrẹ́ Láì Di Olùjẹ́jọ́ Fúnra Yín

Ohun kan wà tí mo ti fojú mi rí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní àdúgbò wa lọ́nà Ìjọ̀kà. Wọ́n á jí nǹkan, tàbí kí ẹnì kan kó owó àdúgbò jẹ. Ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ á gbé fóònù, á kọ ọ́ sórí WhatsApp pé, "Olè ni Lágbájá o, ẹ ṣọ́ra fún un!" Kí ilẹ̀ tó mọ́, Lágbájá ti dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀ràn olè á wá di ọ̀ràn ìbanilórúkọjẹ́. Ẹni tó kígbe olè lá máa wá ẹni tó máa gba béèlì òun, ẹni tí wọ́n pè lólè á sì jókòó sílé rẹ̀ tó ń jẹ iyán.

Èmi náà ti jẹ nínú ẹ̀ rí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni mí. Nígbà tí a dá owó tíránsífọ́mà, tí ẹni tó gba iṣẹ́ náà sì pòórá, èmi ni mo kọ ọ́ sójú gbogbo ayé pé ó ti kó owó wa jẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí lẹ́tà lọ́yà ẹ̀ fi dé: kí n tọrọ àforíjì, àbí kí a pàdé nílé ẹjọ́. Rìsíìtì kan ṣoṣo ni mo ní lọ́wọ́, n kò sì tíì dé àgọ́ ọlọ́pàá kankan. Mo tọrọ àforíjì o. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni a wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a tò ó bó ṣe yẹ kó tò, owó sì padà wálé díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn èèyàn kọ ìwé ẹ̀sùn. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ohun tí mo kọ síbí yìí, ètò tí ẹ lè tẹ̀ lé ni, kí lọ́yà tó dé.

Tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ má ka ìwé kankan. Ẹ pe 112, ẹ sá lọ síbi tí èèyàn wà. Ètò yìí wà fún ìgbà tí ọkàn bá ti balẹ̀ díẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé àjákọ kan tí ẹ kò ní lò fún nǹkan mìíràn, àti bíro.
- Fóònù tí ọ̀rọ̀, àwòrán tàbí àlẹ́ẹ̀tì báńkì wà nínú ẹ̀. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ nínú ẹ̀.
- Fódà tí ó ní bíbò.
- Owó fọ́tòkọ́pì, owó títẹ̀ ìwé, àti owó ìwé ìbúra ní kóòtù tó bá gba bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fífi ẹjọ́ sùn lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀fẹ́ ni béèlì pẹ̀lú.
- Nọ́ńbà lọ́yà kan. Tí agbára kò bá gbé e, Legal Aid Council ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́ fún ẹni tí kò lówó.

1. Ẹ pín ohun tí ẹ mọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta

Ẹ ṣí ojú ìwé mẹ́ta sílẹ̀ nínú ìwé àjákọ yẹn. Ẹ kọ "Mo rí" sókè ti àkọ́kọ́, "Mo gbọ́" sókè ìkejì, "Mo fura" sókè ìkẹta. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn yín gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọ̀kan nínú wọn.

Ká ní wọ́n jí pọ́ǹpù omi nínú ọgbà yín. Ojú ìwé àkọ́kọ́ lè lọ báyìí: "Ní ọjọ́ Túsìdeè, ní nǹkan bí aago 5 ìdájí, mo rí ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ó ń ti bárò jáde ní géètì. Pọ́ǹpù omi wà nínú bárò náà. Tapólì bo ìdajì ẹ̀." Ojú ìwé kejì: "Ìyá alákàrà ní òun rí ọmọ náà lọ́dọ̀ àwọn onírin àlòkù lọ́jọ́ kan náà." Ìkẹta: "Mo rò pé òun náà ló gbé jẹnẹrétọ̀ wa lọ́dún tó kọjá."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ "olè" kò sí nínú ìkankan? Ẹni tó rí bárò kò tíì rí olè. Ó lè jẹ́ pé onílé ló ní kó gbé pọ́ǹpù lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé, nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, ilé ẹjọ́ á gbà pé orúkọ ẹni tó pẹjọ́ mọ́ títí tí ẹ ó fi mú ẹ̀rí wá pé òótọ́ ni ẹ sọ. Ọrùn yín ni ẹrù yẹn wà, kò sí lọ́rùn tiẹ̀. Tí ẹ bá kọ "ó ń ti bárò tí pọ́ǹpù wà nínú ẹ̀", ojú yín tó bí ẹ̀rí. Tí ẹ bá kọ "olè ni", gbogbo ohun tó ń mú èèyàn di olè lẹ́nu òfin lẹ máa fi hàn, títí kan ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nígbà tó ń gbé e.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* Wọ́n rò pé tí àwọn bá ti fi "wọ́n ní" síwájú, àwọn ti bọ́. Rárá o. Ẹni tó tún ọ̀rọ̀ ìbanijẹ́ sọ, òun náà ti sọ ọ́. Ìyá alákàrà ni kó wá sọ ohun tí ojú ẹ̀ rí. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ fi orúkọ ẹ̀ hàn ọlọ́pàá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n lè bi léèrè.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún ẹnì kan nínú ilé yín, tí kò mọ̀ sí ọ̀ràn náà, ní ojú ìwé "Mo rí". Kó sọ fún yín ta ni, kí ni, níbo, nígbà wo. Tó bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kò sì rí olè, ọ̀daràn, gbájúẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ èébú kankan níbẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú.

2. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí kí ó tó bàjẹ́

Ẹ ya screenshot, kí nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago hàn nínú ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ gba àkọsílẹ̀ owó ní báńkì, kí báńkì fi òǹtẹ̀ lù ú. Àmọ́ ìwé títẹ̀ nìkan kò tó nílé ẹjọ́. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fẹ́ kí ìwé ẹ̀rí kan tẹ̀ lé ohunkóhun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde, tí yóò ṣàlàyé ẹ̀rọ tí ó ti wá àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́yà ló máa ń kọ ọ́. Ohun tó kàn yín ni kí fóònù yẹn ṣì wà. Ẹ má tà á, ẹ má fún ọmọ lò.

*Ìkìlọ̀:* Ẹ má já fóònù ẹlòmíràn gbà, ẹ má wọ inú email ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fọ́ dúrọ́ọ̀ ọ̀gá yín. Ẹ̀sùn tuntun nìyẹn, tiyín sì ni.

Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni yín ní Alágbàka, tí ẹ ń bẹ̀rù ìbúra àṣírí tí ẹ bú nígbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́, ẹ wo abala 27 nínú Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011. Ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi ìkówójẹ, ìlòkulò àṣẹ tàbí ìwà tó lè pa ará ìlú lára hàn láìgba àṣẹ, tó bá ṣe é tọkàntọkàn nítorí ire ará ìlú. Àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba náà lè fi òfin yìí béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ 7 sì ni wọ́n ní láti dáhùn. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Àkúrẹ́ yìí gan-an ti sọ lọ́dún 2018 pé ó kàn wá.

*Àyẹ̀wò:* Gbogbo nǹkan tó wà lójú ìwé "Mo rí" gbọ́dọ̀ ní ìwé kan, àwòrán kan tàbí èèyàn kan lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tí kò bá ní, ẹ fi àmì sí i. Kò túmọ̀ sí pé ẹ kò ní sọ ọ́. Ó túmọ̀ sí pé ojú yín nìkan ni ẹ̀rí ẹ̀.

3. Ẹ yan etí tí ẹ máa sọ ọ́ sí

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ibí náà sì ni ààbò yín wà.

Òfin ìbanilórúkọjẹ́ ní ilẹ̀ wa ní ààbò kan tí ó ní gbèdéke. Tí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jẹ́ ojúṣe ẹ̀ láti gbọ́ ọ, tó sì jẹ́ pé ẹ gbà lọ́kàn yín pé òótọ́ ni, wọn kò lè dá yín lẹ́bi nítorí pé ó padà já sí pé ẹ ṣìmọ̀. Ohun tó ń ba ààbò yẹn jẹ́ ni àrankàn: kí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí kí ó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fi ọlọ́pàá gbẹ̀san ìjà ilẹ̀ tàbí ìjà orogún. Lọ́dún 2009, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ọ́ kedere pé ojúṣe ọmọ ìlú ni láti fi ìwà ọ̀daràn tó ọlọ́pàá létí, àti pé ohun tí ọlọ́pàá bá wá ṣe lẹ́yìn náà wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá fúnra ẹ̀, àyàfi tí ẹni tó fi sùn bá ṣe é láìnídìí, pẹ̀lú èrò ìkà.

Gbólóhùn kan náà, "Mo fura pé Lágbájá ló gbé e", ní ààbò tí ẹ bá kọ ọ́ sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá. Kò ní tí ẹ bá kọ ọ́ sórí Facebook, nítorí kì í ṣe ojúṣe àwọn èèyàn yín níbẹ̀ láti ṣèwádìí olè.

Ta ni kí ẹ wá lọ bá?

Olè, ìjà, gbájúẹ̀, ìdúnkookò: àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá ní ìdí tó múná láti gbà pé ẹni tí ẹ fẹ́ fi sùn lẹ́nu nínú àgọ́ yẹn, ẹ kọ ọ́ sí Kọmíṣánnà Ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní orílé iṣẹ́ wọn ní Àkúrẹ́. Tí ìyẹn náà kò bá ta pútú, ọ̀gá ọlọ́pàá Zone 17, tó ń bójú tó Oǹdó àti Èkìtì, Àkúrẹ́ ló wà pẹ̀lú.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń béèrè rìbá: ICPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti rìbá. Abala 64 nínú òfin wọn ti ọdún 2000 ní kí wọ́n bo orúkọ ẹni tó ta wọ́n lólobó mọ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé abala 23 òfin kan náà sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí wọ́n béèrè rìbá lọ́wọ́ ẹ̀ láti fi sùn. Ẹni tó dákẹ́ láìní ìdí gidi lè jẹ̀bi. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pè yín ní olófòófó, ẹ fi ìyẹn dá a lóhùn.

Owó ńlá, gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì: EFCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti jìbìtì owó. Abala 39 òfin tiwọn, ti ọdún 2004, ní kò sí ẹni tó lè fipá mú òṣìṣẹ́ wọn láti dárúkọ ẹni tó ta wọ́n lólobó, àyàfi tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ.

Ọkọ tó ń lu ìyàwó, ìfipábánilòpọ̀: Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní òfin tiẹ̀ lórí ìwà ipá sí ẹ̀dá, láti ọdún 2021, àjọ ìpínlẹ̀ kan sì wà tó ń gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé àti ti ìbálòpọ̀. Ẹ lè gba ibẹ̀ wọlé tí ọlọ́pàá bá ní kí ẹ lọ parí ẹ̀ nílé. Ẹ má gbé orúkọ tàbí ojú ọmọ tí wọ́n ṣe níbi síta, ì báà jẹ́ pé ìyá ẹ̀ gbà fún yín.

Àmọ̀tẹ́kùn wúlò gan-an fún ọ̀rọ̀ oko, igbó àti ajínigbé, wọ́n sì yára. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti pè wọ́n tán, ẹ ṣì kọ ìwé fún ọlọ́pàá.

Ní ti owó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n kó pamọ́, iléeṣẹ́ ètò ìnáwó gbé ìlànà kan jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 tó ṣèlérí láàárín ìdá 2.5 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá gbà padà fún ẹni tó ta wọ́n lólobó. Ẹ rántí pé ìlànà ni, kì í ṣe òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe. Ẹ má torí owó yẹn ju iṣẹ́ sílẹ̀. Inú àwọn òfin tí mo dárúkọ sókè ni ààbò tó le wà.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* "Ẹ̀dà sí." Ẹ ti rí irú ìwé ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ rí: Ẹ̀dà sí Gómìnà, ẹ̀dà sí Kábíyèsí Déjì, ẹ̀dà sí bíṣọ́ọ̀bù, ẹ̀dà sí iléeṣẹ́ rédíò, ẹ̀dà sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ìyàwó ẹ̀. Ó máa ń dùn ún kọ, mo mọ̀. Gbogbo ẹni tí kò ní ojúṣe kankan lórí ọ̀ràn yẹn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, ìbanilórúkọjẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé tó lọ sọ́dọ̀ àna ẹni tí ẹ fi sùn, ẹ̀rí àrankàn ló máa jẹ́ lọ́wọ́ lọ́yà ẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni tí ẹ fẹ́ kọ ọ́ sí, ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹni náà máa ṣe sí i. "Á ṣèwádìí." "Á mú un." "Á dáwọ́ owó dúró." Tí ẹ bá rí i pé "á gbọ́" nìkan ni ẹ lè kọ, ẹ yọ orúkọ ẹ̀.

4. Ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn

Ojú ìwé kan, ó pọ̀ jù, méjì. Ẹ kọ orúkọ yín, àdírẹ́sì, ọjọ́, ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí, lẹ́yìn náà àkọlé. Ẹ jẹ́ kí àkọlé sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó má sọ irú èèyàn tí ó jẹ́. "Ẹ̀sùn lórí ₦450,000 tí a san fún iṣẹ́ tí a kò rí" dára. "Ẹ̀sùn lórí gbájúẹ̀ paraku tó ń yọ Àkúrẹ́ lẹ́nu" máa kó yín sí wàhálà.

Lẹ́yìn náà, ẹ da ojú ìwé "Mo rí" sínú ẹ̀ bó ṣe tẹ̀ léra. Lábẹ́ ẹ̀, ẹ to orúkọ àwọn tó rí nǹkan. Ìfura náà lè wọlé, ṣùgbọ́n kó wọlé pẹ̀lú orúkọ tiẹ̀: "Ìdí tí mo fi fura ni pé..." Ẹ wo bí mo ṣe tún ti tíránsífọ́mà wa kọ nígbà kejì:

"Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, a san ₦450,000 sínú àkáǹtì rẹ̀, àkọsílẹ̀ báńkì wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ó ṣèlérí láti gbé ẹ̀rọ náà dé láàárín ọjọ́ 21. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, kò gbé ìpè wa mọ́. Ní ọjọ́ 15, àwa mẹ́ta lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a bá a ní títì. A bẹ̀ yín kí ẹ ṣe ìwádìí."

Kò sí ìbínú kankan níbẹ̀. Àwọn àgbà kan ní ìpàdé sọ pé ìwé náà tutù jù, pé kò gbóná bí ti àkọ́kọ́. Òtútù yẹn ló gba owó wa padà.

Gbólóhùn ìparí ṣe pàtàkì: ẹ ní kí wọ́n ṣe ìwádìí. Ẹ má kọ "ẹ lọ mú un". Ẹ má tẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ nínú ọkọ̀, ẹ má rọ epo sí ọkọ̀ wọn, ẹ má sọ ọjọ́ tí wọ́n máa tú u sílẹ̀. Ẹni tó ń darí ọlọ́pàá báyìí ti kúrò ní ẹni tó fi ẹjọ́ sùn. Tí ilé ẹjọ́ bá dá ẹni yẹn sílẹ̀, ó lè pe ẹ̀yin fúnra yín lẹ́jọ́ pé ẹ fi àrankàn gbé òun lọ sílé ẹjọ́.

*Ìkìlọ̀ méjì tó wúwo:* Àkọ́kọ́, ẹ má fi irọ́ kankan kún un, bó ti wù kó kéré tó. Ọ̀ràn ni irọ́ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Lọ́dọ̀ ICPC, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nínú ẹ̀sùn lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 10 jura. Ìkejì, ẹ má fi ìwé náà dúnàá-dúrà. "San owó wa, àbí kí n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá" ti súnmọ́ ìlọ́nilọ́wọ́gbà. Ẹ sì má gba owó kí ẹ fi bo ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀.

Tí ẹnu nìkan lẹ fi sọ ọ́, tí ọlọ́pàá ń bá yín kọ ọ́ lédè òyìnbó, ẹ ní kí ó kà á padà fún yín kí ẹ tó tẹ̀ka. Ẹ má tijú. Mo mọ ìyá kan, ará Ìlàjẹ, tó ní "ó dá mi lójú", tí wọ́n sì kọ ọ́ pé ó rí i lójú. Gbólóhùn kan péré nìyẹn, àmọ́ ó gba oṣù mẹ́fà kó tó tún un ṣe. Tí wọ́n bá ti túmọ̀ ẹ̀ fún yín, kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé wọ́n kà á fún yín, ó sì yé yín, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó túmọ̀ ẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka ìwé náà bí ẹni pé ẹ̀yin ni wọ́n fi sùn. Ibi tí ẹ bá ti lè fi ìka tọ́ ọ pé "èyí kì í ṣe ohun tí ó rí, ó kàn rò ó ni", ẹ tún un kọ.

5. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà tí ó ní òǹtẹ̀

Ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n fi òǹtẹ̀, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á sórí ìkejì fún yín, ìkẹta wà nílé ẹlòmíràn. Ẹ béèrè orúkọ ọlọ́pàá tí wọ́n gbé ìwádìí fún.

Tí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín, ẹ lè fi ránṣẹ́ láìkọ orúkọ. Kò burú, àmọ́ ọlọ́pàá kò ní rí ẹni bi léèrè, àwọn mìíràn sì máa jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fẹ́ràn ọ̀nà kejì jù: ẹ kọ orúkọ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ẹ ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi orúkọ yín pamọ́, kí ẹ sọ ìdí. Tí ẹjọ́ bá dé kóòtù, òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 ti ìjọba àpapọ̀, ní abala 232, gba ilé ẹjọ́ láyè láti bo orúkọ àti ojú ẹlẹ́rìí nínú irú ẹjọ́ bíi ìfipábánilòpọ̀, ìgbésùnmọ̀mí àti jìbìtì owó. Agbẹjọ́rò ìjọba lẹ máa sọ ọ́ fún.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wo òǹtẹ̀ náà lójú ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé kà. Òǹtẹ̀ tí kò ṣeé kà kò yàtọ̀ sí kí ẹ má ní òǹtẹ̀ rárá.

6. Ẹ di ẹnu yín

Ìpele yìí kò gba owó, kò gba ìwé, òun ló sì le jù.

Kí ìbanilórúkọjẹ́ tó pé, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé etí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tí ẹ ń bá wí. Tí ẹ bá bú u lójúkojú láàárín ẹ̀yin méjèèjì, èébú ni. Tí ẹnì kẹta bá gbọ́, ọ̀ràn ti ń bọ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá sì pe èèyàn ní olè lójú ọjà, kò ní láti fi hàn pé òun pàdánù kọ́bọ̀ kó tó pè yín lẹ́jọ́, nítorí olè jẹ́ ọ̀ràn tó ń gbéni dé ẹ̀wọ̀n. Yàtọ̀ sí owó gbà-mábínú, ọ̀ràn ọ̀daràn ni pẹ̀lú. Abala 375 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tó wà ní gúúsù Nàìjíríà là á sílẹ̀: ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 1, ọdún 2 tí ẹ bá mọ̀ pé irọ́ ni.

Àwọn àwáwí tí mò ń gbọ́ jù, tí kò sì gba ẹnikẹ́ni là:

"N kò dárúkọ ẹ̀." Tí ẹ bá kọ "alága kan tó ní ilé alájà méjì létí ṣọ́ọ̀ṣì wa", gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n.

"Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́." Ẹ̀yin náà ti gbé e jáde.

"Mo ti pa á rẹ́." Èèyàn ogójì ti ya screenshot ẹ̀.

"Àdúrà ni mo gbé e kalẹ̀ fún." Tí ẹ bá gbé orúkọ èèyàn kalẹ̀ níwájú ìjọ pé Ọlọ́run kó gbà wá lọ́wọ́ olè yìí, ẹ wo iye etí tó wà níbẹ̀.

Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ni wọ́n fi ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó gbòòrò tẹ́lẹ̀ débi pé ohun tó bá kàn bí ẹnì kan nínú lè kó yín wọ ẹ̀wọ̀n. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ lọ́dún 2020 pé ó tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ní báyìí, kí ọ̀rọ̀ tó wọ abẹ́ ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó jẹ mọ́ àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, tàbí irọ́ tí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, tí ẹ fẹ́ fi dá ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu. Ìyà ẹ̀ ṣì tó mílíọ̀nù 7 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Àwọn ọlọ́pàá kan ṣì ń kà á bí ti àtijọ́, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín rán wọn létí.

Kí lẹ wá lè sọ fún àwọn ará àdúgbò tó ń béèrè? Mo ti fún wọn ní gbólóhùn kan tí a jọ ń lò: "A ti fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí, a ń retí ìwádìí wọn. Ẹni tó bá rí nǹkan, kó lọ bá wọn." Tí ẹ bá fẹ́ kìlọ̀ fún àdúgbò, ẹ kìlọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń jí àti àsìkò tí wọ́n ń jí i.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tẹ orúkọ ẹni náà sínú àpótí ìwákiri WhatsApp yín. Ohunkóhun tí ẹ bá ti kọ nípa ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀, ẹ fi han lọ́yà yín kó tó di pé ẹlòmíràn fi hàn án.

7. Tí wọ́n bá yí ẹjọ́ náà padà sí yín lórí

Ọ̀nà méjì ni ó máa ń gbà wá.

Bó bá jẹ́ lẹ́tà lọ́yà, ẹ má dáhùn fúnra yín, ẹ má sì fà á ya. Ẹ kọ ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín sẹ́yìn ẹ̀, ẹ gbé e pẹ̀lú fódà yín lọ bá lọ́yà. Tó bá jẹ́ ìwé ẹ̀sùn yín sí ọlọ́pàá ni wọ́n ń tọ́ka sí, ààbò ìpele kẹta wà. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ WhatsApp, tí ẹ̀rí yín kò sì tó, àforíjì tó yá dín owó kù. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Bó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ló pè yín, ẹ lọ, pẹ̀lú lọ́yà tàbí ẹbí, ẹ mú ẹ̀dà ìwé tó ní òǹtẹ̀ dání. Abala 35 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún yín láǹfààní láti dákẹ́ títí tí ẹ fi máa rí lọ́yà. Tí wọ́n bá dá yín dúró, láàárín wákàtí 24 ni wọ́n ní láti kọ ìdí ẹ̀ fún yín ní èdè tó yé yín. Níbi tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé yín dé ibẹ̀. Nínú Àkúrẹ́ yìí, kò sí àgọ́ ọlọ́pàá tí ilé ẹjọ́ jìnnà sí tó bẹ́ẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 náà ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni lórí gbèsè tàbí àríyànjiyàn àdéhùn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ mú ìyàwó tàbí ọmọ dípò yín.

Bó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti lé yín nítorí pé ẹ fẹnu tú àṣírí, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni lọ́yà yín máa gbé e lọ. Ẹ tọ́jú ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé ìlénijáde pọ̀. Tí àlàfo tó wà láàárín ọjọ́ tí ẹ fi ẹjọ́ sùn àti ọjọ́ tí wọ́n lé yín bá kéré, ó lè ràn yín lọ́wọ́ gan-an níwájú adájọ́.

*Àyẹ̀wò:* Kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì lọ́yà, ẹ rí i dájú pé ẹ̀dà nǹkan mẹ́rin ti wà lọ́wọ́ ẹ̀: ìwé ẹ̀sùn tó ní òǹtẹ̀, ojú ìwé "Mo rí", ẹ̀rí, àti lẹ́tà tàbí ìwé ìpè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ojúlówó gbogbo wọn padà sínú fódà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá sẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú bíro tó dúdú.